Ẹjọ́ láínìn ni, kì í ṣe ẹjọ́ ọyẹ́ nìkan

Láti Mọ́ńdè tó kọjá, oníbàárà mẹ́rin ló ti pè mí lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni àkọ́kọ́ ní gáùn òun ń gòkè fúnra ẹ̀, bí òun bá fà á wálẹ̀ báyìí, kí òun tó rìn dé ẹnu ọ̀nà ó ti tún lẹ̀ mọ́ òun nítan. Ẹnì kejì ní bí òun ṣe ń bọ́ búláòsì òun lálẹ́ ó ń dún pà-pà-pà bí àgbàdo tí wọ́n ń yan, wọ́n sì ti mú iná lọ nígbà yẹn, òun rí nǹkan búlúù tó ń ṣẹ́jú lára aṣọ náà, ṣé kò ní jó òun mọ́ inú ilé báyìí? Ẹnì kẹta ò tiẹ̀ ní sùúrù àlàyé, wọ́n kàn ní "Àǹtí, aṣọ tẹ́ ẹ rán fún mi ń gbé èèyàn bí iná NEPA o."

Ti ẹnì kẹrin ló dùn mí jù. Màmá kan ni, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti ń ránṣọ lọ́dọ̀ mi, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lóṣù yìí torí ọmọ wọn tó bímọ láyọ̀. Síkẹ́ẹ̀tì kírépù gígùn ni mo rán fún wọn pẹ̀lú búláòsì léèsì, mo fara balẹ̀ rán an, mo fi láínìn sí i bí mo ṣe máa ń fi í sí i, ó jókòó lára wọn dáadáa nígbà tí wọ́n wá gbé e. Wọn ò bínú sí mi lórí fóònù. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, aṣọ yẹn rẹwà, gbogbo èèyàn ló ń yìn ín, àmọ́ ọwọ́ kan ni mo fi jó." Ọwọ́ kejì ni wọ́n fi ń fa síkẹ́ẹ̀tì kúrò láàárín ẹsẹ̀, látẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì títí dé iwájú pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Gbogbo wa la máa ń di ẹ̀bi yìí ru ọyẹ́. Ọyẹ́ lọ́wọ́ nínú ẹ̀ lóòótọ́, màá dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ṣebí ọyẹ́ kan náà ló ń fẹ́ lu àdìrẹ yín, kí ló dé tí àdìrẹ kì í gun yín? Ìyá tó bí ìyá mi wọ kíjìpá àti àdìrẹ títí wọ́n fi darúgbó, tòbí òwú ló máa ń wà lábẹ́ ìró wọn, mo sì sùn tì wọ́n nínú ọyẹ́ tó ń la èèyàn létè, mi ò gbọ́ kí aṣọ wọn dún rí. Èmi tí mo ń wọ súwẹ́tà òkìríkà ni mo máa ń fa tèmi gba orí bọ́ lókùnkùn tí á máa ta pààrà, tí irun orí mi á dìde. Nínú yàrá kan náà la wà, lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

Bó ṣe yé mi rèé. Gbogbo nǹkan tó wà láyé, awọ ara wa, irun, aṣọ, àga tá a jókòó lé, ló ní iná tíntìntín nínú, ẹ̀yà méjì ni, wọ́n sì máa ń dọ́gba, ìdí nìyẹn tá ò fi mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Bí nǹkan méjì tí kì í ṣe irú kan náà bá wá fara kan ara wọn tí wọ́n sì tún ṣí kúrò lára ara wọn, ọ̀kan á kó díẹ̀ lọ lára ti èkejì, ohun tó kó lọ yẹn làwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Látìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ gbèsè ti wọ àárín wọn nìyẹn, wọ́n á máa fa ara wọn, wọn ò ní fẹ́ fi ara wọn sílẹ̀ àfìgbà tí gbèsè yẹn bá parí. Tó bá parí díẹ̀díẹ̀, ẹ ò ní mọ̀. Tó bá parí lẹ́ẹ̀kan náà, òun ni èyí tó ń ta yín lọ́wọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá di irin ilẹ̀kùn mú.

Kì í ṣe gbogbo aṣọ ló ń ṣe bákan náà o. Awọ ara èèyàn, irun, náílọ́ọ̀nù, wúùlù, ìwọ̀nyí máa ń tètè fi tiwọn sílẹ̀. Pọ́líẹ́sítà, àkírílíìkì tí wọ́n fi ń hun súwẹ́tà, àti àga rọ́bà tó kún gbogbo òde àríyá wa, ìwọ̀nyí ni wọ́n máa ń gbà. Òwú wà láàárín, kò fi bẹ́ẹ̀ yáni, kò fi bẹ́ẹ̀ yá lọ́wọ́ ẹni. Nígbà tí mo wá bi Màmá pé kí ni wọ́n wọ̀ sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì yẹn, wọ́n ní yẹ̀rì náílọ́ọ̀nù ni. Ara mi tutù. Náílọ́ọ̀nù nísàlẹ̀, láínìn pọ́líẹ́sítà lórí ẹ̀, mo ti gbé ẹni tó ń fi sílẹ̀ lé ẹni tó ń gbà lọ́wọ́, wọ́n wá ń jó, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ni àwọn aṣọ méjèèjì fi ń ha ara wọn.

Ibi tí ọyẹ́ ti wá wọlé rèé. Omi ló máa ń bá wa san gbèsè yẹn. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ ìlú wa kún fún ọ̀rinrin, díẹ̀ nínú ẹ̀ á bà lé aṣọ, á bà lé awọ, ibi omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn ni iná náà máa ń gbà lọ jẹ́jẹ́. Ọyẹ́ ní tiẹ̀, láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń fẹ́ bọ̀, kò gbé omi kankan dání, ó tún ń fa èyí tó wà lára wa lọ. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n pé níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ gan-an, ẹni tó ń rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì lè kó tó 35,000 fóòtì (volt, ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára iná) sára, níbi tí ọ̀rinrin bá pọ̀, tó bá rìn irú ìrìn yẹn, ó lè má ju 1,500 lọ. Nígbà tí mo kà á, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Aṣọ náà ní bí wọ́n ṣe ń mumi sí. Tẹ́ ẹ bá gbé aṣọ òwú tó gbẹ, tó wọn 100 gíráàmù, sínú afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin dáadáa, á fa omi tó tó gíráàmù mẹ́jọ mọ́ra láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni da omi sí i. Náílọ́ọ̀nù á fa bíi mẹ́rin. Pọ́líẹ́sítà ò ní fa ju ìdajì gíráàmù lọ, kò tiẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ẹ̀ rí i báyìí? Òwú ń gbé omi tiẹ̀ kiri, ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ fi máa ń pẹ́ kó tó rí i gbé ṣe. Pọ́líẹ́sítà ti gbẹ kí ọyẹ́ tó dé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń gbé ní Manchester, òun ló sọ fún mi pé tàwọn ò tiẹ̀ nílò ọyẹ́, ìgbà òtútù tí wọ́n bá tan híítà sínú ilé tí wọ́n sì ti gbogbo fèrèsé pa, afẹ́fẹ́ inú ilé á gbẹ bíi ti January wa níbí, tó bá ti bọ́ jákẹ́ẹ̀tì báyìí tó fọwọ́ kan ọmọ ẹ̀, àwọn méjèèjì á pariwo. Àfi ìgbà tí mo wá kà á pé ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún gan-an ni aṣọ yìí ti wá, àwọn ọkùnrin méjì kan, Whinfield àti Dickson, tí wọ́n ń bá iléeṣẹ́ aṣọ kan ṣiṣẹ́ ní Manchester, ni wọ́n ṣe pọ́líẹ́sítà aláṣọ yìí jáde ní 1941. Náílọ́ọ̀nù ti wà ṣáájú ẹ̀, Carothers àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ṣe é ní Amẹ́ríkà ní 1935. Ẹ wo ohun tí gbogbo wa fẹ́ràn lára àwọn aṣọ wọ̀nyí: wọn kì í rún, wọ́n tètè ń gbẹ lórí okùn, àwọ̀ wọn kì í tètè ṣí. Torí pé wọn kì í mumi ni púpọ̀ nínú ẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀, torí pé wọn kì í mumi náà ni wọ́n fi ń ta wá.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má wọ kírépù o, mi ò ní ká ju léèsì dànù, ṣífọ́ọ̀nù àti sátíìnì la fi ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé aṣọ ìta kọ́ ló ń fara kan yín lẹ́sẹ̀, láínìn ni. Àwa aránṣọ, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, láínìn la kì í rò. Oníbàárà á mú léèsì olówó ńlá wá, a ó wọn ọ́n, a ó gé e bí ẹyin, tó bá kan láínìn a ó ní kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ sáré lọ ra yáàdì mẹ́ta èyíkéyìí tó bá ti bá àwọ̀ ẹ̀ mu, èyí tó ń dán tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ yẹn, pọ́líẹ́sítà sì ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe kọ́ àwọn tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó sanwó léèsì ò lè rí láínìn, kò sì ní bèèrè, ṣùgbọ́n láínìn ló máa bá a lò pọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Fún aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ láàárín November sí March, láínìn òwú fẹ́lẹ́ ni mo ti ń lò báyìí, èyí tó rọ̀ dáadáa, tàbí fískọ́ọ̀sì. Fískọ́ọ̀sì yẹn, igi ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á fi kẹ́míkà yọ́ ọ kí wọ́n tó fà á di òwú, ó sì ń mumi ju òwú gidi lọ pàápàá. Ó tún ń yọ̀ bíi láínìn tá a mọ̀, kì í di aṣọ ìta mú tí èèyàn bá ń rìn, ìyẹn ni ibi tí òwú ti máa ń yọnu díẹ̀, torí òwú lábẹ́ kírépù lè máa fà. Tí mo bá rí fískọ́ọ̀sì rà, òun ni mo máa ń mú. Owó ẹ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, màá sọ fún oníbàárà ṣáájú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jiyàn tí wọ́n bá ti gbọ́ ìdí ẹ̀.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé lọ́jà, gbogbo nǹkan ni wọ́n ń pè ní kọ́tìn. Tí mo bá dé Gbági, mo máa ń kí Ìyá ọlọ́jà dáadáa, màá ní "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n fa fọ́nrán kan létí ẹ̀." Fọ́nrán kan ṣoṣo ni mo ń fà, tí gígùn ẹ̀ ò ju ìka lọ, màá gbé e jìnnà sí igbá aṣọ, màá fi ẹnu abẹ́rẹ́ ńlá tàbí irin kékeré kan gbá a mú, màá wá ṣáná sí i. Tó bá jẹ́ òwú tàbí fískọ́ọ̀sì, á jó bíi bébà, òórùn bébà ló máa rùn, eérú ẹ̀ á funfun ráúráú, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ á fò lọ. Tó bá jẹ́ pọ́líẹ́sítà, kí iná tiẹ̀ tó dé ara ẹ̀ ló ti máa ká kò, á yọ́, èéfín dúdú á jáde, tó bá tutù tán ẹ ó bá nǹkan dúdú róbótó líle kan níbi tó jó dé, èékánná ò ní lè fọ́ ọ. Ẹ má fọwọ́ kàn án nígbà tó ṣì ń yọ́ o, ó máa ń lẹ̀ mọ́ awọ ni. Èyí tí wọ́n pò, òwú díẹ̀ pọ́líẹ́sítà díẹ̀, á ṣe méjèèjì, á jó bíi bébà á tún fi líle díẹ̀ sílẹ̀. Ìyá kan bá mi jà lọ́jọ́ kan pé ṣé mo fẹ́ jó ṣọ́ọ̀bù àwọn ni, wọn ò ṣẹ̀, láti ọjọ́ náà ìta gbangba ni mo ti ń ṣe é. Tí wọn ò bá gbà fún yín rárá, ẹ kán omi kan sí i. Omi á wọnú òwú lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lórí pọ́líẹ́sítà ó sábà máa ń dúró róbótó fúngbà díẹ̀.

Èyí tó ti wà nílé yín ńkọ́? Ẹ ò lè tú gbogbo ẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni yẹ̀rì, yẹ̀rì òwú, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù. Ẹ rán ọ̀kan dúdú àti ọ̀kan funfun, ó ti parí, òun ló máa dúró láàárín ẹsẹ̀ yín àti láínìn. Èkejì, ẹ fi ìpara pa ẹsẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó wọṣọ, ẹsẹ̀ tó funfun lójú ọyẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ yìí jù. Òrí dára fún awọ ju gbogbo ẹ̀ lọ ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wọra tán, torí tó bá kan sátíìnì ó máa yọ lójú. Tẹ́ ẹ bá ti wà lóde tó wá ń lẹ̀, ẹ fi omi díẹ̀ tọ́ ọwọ́, ẹ nù ún sára ẹsẹ̀ àti abẹ́ láínìn, á tú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tí omi yẹn bá gbẹ kẹ́ ẹ tún un ṣe. Àwọn kan máa ń fi pínnì irin há abẹ́ aṣọ lójú rírán. Mo ti gbìyànjú ẹ̀, ó ràn mí lọ́wọ́ lára aṣọ kékeré, irin yẹn á máa gba díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ níbi tó bá wà, àmọ́ síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀, pínnì kan ò kápá ẹ̀. Háńgà irin tẹ́ ẹ bá fi gbá inú aṣọ látòkè délẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ sàn jù ú lọ.

Ìfọṣọ náà wà níbẹ̀. Sọ́fínà tí wọ́n ń tà yẹn, kì í ṣe òórùn dídùn nìkan ni iṣẹ́ ẹ̀, ohun tó wà nínú ẹ̀ ní orí àti ìrù, orí ẹ̀ máa ń rọ̀ mọ́ aṣọ, ìrù ẹ̀ tó dà bí ọ̀rá á máa mú kí aṣọ yọ̀ lára ara wọn, ó sì ń pe ọ̀rinrin díẹ̀ mọ́ra. Omi tẹ́ ẹ máa fi ṣan aṣọ gbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ dà á sí, díẹ̀ ni, ẹ má bù ú bí ọṣẹ. Ẹ má fi fọ táwẹ́ẹ̀lì torí kò ní í mumi mọ́. Nínú ọyẹ́, ẹ má jẹ́ kí pọ́líẹ́sítà gbẹ kankan lórí okùn, ẹ ká a nígbà tó bá ṣẹ́ ku díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù lọ̀ ọ́ lórí aṣọ òwú tó tutù díẹ̀. Ẹ tún máa rí i pé síkẹ́ẹ̀tì dúdú yín ò ní máa gba eruku mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, torí iná yẹn náà ló ń pe eruku ọyẹ́ wá bà lé e. Àwọn arábìnrin wa tó ń lo híjáàbù kírépù, tí ẹ bá wọ fìlà òwú sábẹ́ ẹ̀ dípò èyí tó ń dán, irun yín á sinmi.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ṣé kò ní jó òun. Kò ní jó yín, mà. Kí èèyàn tó lè mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ta òun, iná yẹn ti máa ń tó bíi 3,000 fóòtì, bẹ́ẹ̀ iná tó ń wọlé wa ò ju 240 lọ, ó yẹ kó ti pa wá tipẹ́, àmọ́ kò pọ̀ ni. Ó dà bí ẹ̀kán omi kan tó já bọ́ láti orí ìrókò, ibi tó ti já bọ́ ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kán kan náà ni, kó tó balẹ̀ ó ti parí.

Àfi nídìí bẹntiróòlù. Èyí ni mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ojú kékeré wò, torí púpọ̀ nínú àwa tá a ní ṣọ́ọ̀bù là ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ ilé epo torí jẹnẹrétọ̀. Oru bẹntiróòlù ò nílò iná tó tó èyí tá a máa mọ̀ lára kó tó gbiná. Èyí tó kéré débi pé kò ní ta yín rárá, ó tó o. Nítorí náà ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bu epo sí i, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bù ú nígbà tó wà nínú búùtù mọ́tò tàbí lórí ọ̀kadà tàbí lórí itan yín. Ẹ fọwọ́ kan irin kan tó jìnnà sí ẹnu kẹ́ẹ̀gì kẹ́ ẹ tó sún mọ́ ọn. Ẹ má bọ́ súwẹ́tà níbẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi, mo sì tún un sọ láàárọ̀ yìí nígbà tí ọ̀kan nínú wọn ń gbé kẹ́ẹ̀gì jáde.

Síkẹ́ẹ̀tì Màmá wà níwájú mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Mo ní kí wọ́n gbé e padà wá, mo ti tú láínìn tẹ́lẹ̀ kúrò, bí mo ṣe ń fà á yọ lójú rírán ló ń dìde lẹ̀ mọ́ apá mi, òwú tínrín tínrín tí mo já sílẹ̀ lórí tábìlì ń fò mọ́ ọn. Mo ti gé fískọ́ọ̀sì tuntun sí i, ó ku etí ìsàlẹ̀ kí n ká. Mo tún ti rán yẹ̀rì òwú kan tì í, mi ò gba owó ẹ̀. Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e, ìsọmọlórúkọ kan tún wà níwájú tí wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ. Bí ọyẹ́ bá ṣì ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, màá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wọ̀ ọ́ rìn lọ rìn bọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù dáadáa kí wọ́n tó sọ pé ó dáa.